Iṣẹ́ Wo Ni Olóògbé Ń Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ́, nítorí pé ó kan olúkúlùkù wa tí ń fi òógùn ojú jẹun. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè kan ni. Bí a bá gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, akọ̀wé yóò mú káàdì, yóò bèèrè orúkọ, yóò bèèrè ọjọ́ orí, yóò bèèrè àdúgbò, lẹ́yìn náà ni yóò bèèrè pé, "Iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe?" Bí ènìyàn bá kú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì lọ kọ ikú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó yẹ kí irú ìbéèrè náà tún wáyé pé, "Iṣẹ́ wo ni olóògbé ń ṣe?"

Ẹ wo bí a ti ń dáhùn. "Òwò ni." "Iṣẹ́ ọwọ́ ni." "Àgbẹ̀ ni." Akọ̀wé a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó parí. Bí èrò bá sì pọ̀ lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ lè fo ojú ìlà yẹn kọjá kí ó fi í sílẹ̀ lófìfo. Ojú ìlà kékeré yìí ni mo fẹ́ gbèjà lónìí, nítorí pé ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn so mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn ìdáhùn wọ̀nyí wò. Ìyá tí ó ti ń yan ẹja láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ojú rẹ̀ jẹ́, tí ikọ́ kì í jẹ́ kí ó sùn lóru, oníṣòwò ni a kọ sí káàdì rẹ̀. Ìyá tí ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí ó ń ta léèsì, oníṣòwò ni òun náà. Baba tí ń gbin iṣu, àgbẹ̀ ni. Baba tí ń fín oògùn apakòkòrò sí kòkó lọ́dọọdún, tí ń fi ọwọ́ lásán po ó, àgbẹ̀ ni òun náà. Jórinjórin, akunlé, ẹni tí ń tún bátìrì mọ́tò ṣe, ẹni tí ń fọ́ òkúta, gbogbo wọn di "oníṣẹ́ ọwọ́." Bí a bá da gbogbo wọn pọ̀ sínú agbọ̀n kan báyìí, ta ni yóò mọ èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń pa? Orúkọ wọn wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ìwé náà yadi.

Dókítà ará Ítálì kan ni ó kọ́ àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbéèrè yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Bernardino Ramazzini, ìlú Modena ni ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, àwọn agbépòó wá kó ṣáláńgá ilé rẹ̀. Ó rí i pé ọ̀kan nínú wọn ń kánjú bí ẹni tí iná ń lé. Ó bi í léèrè ohun tí ó ń lé e, kí ni kò ṣe rọra ṣe é kí ó má baà rẹ̀ ẹ́? Ọkùnrin náà gbé ojú sókè láti inú kòtò, ó fèsì pé ẹni tí kò bá wọ ibẹ̀ rí kò lè mọ̀ ọ́n, pé bí ènìyàn bá lò ju wákàtí mẹ́rin lọ nínú rẹ̀, bí ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ ni yóò rí. Nígbà tí ó jáde, dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò, ó rí i pé ó pọ́n, ó sì ti ń ṣú. Ìgbà náà ni ó wá ṣe àkíyèsí pé ó rí nínú àwọn afọ́jú tí ń ṣagbe ní ìgboro, tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ agbépòó ni wọ́n ti ṣe rí.

Ní ọdún 1700, Ramazzini tẹ ìwé kan jáde lórí àìsàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ó gba àwọn dókítà níyànjú pé bí wọ́n bá wọ ilé tálákà, kí wọ́n má kàn di ọwọ́ aláìsàn mú kí wọ́n sì máa yára lọ. Kí wọ́n jókòó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ orí àpótí lásán, kí wọ́n sì fi ìbéèrè kan kún èyí tí àwọn àgbà oníṣègùn ti fi lélẹ̀: iṣẹ́ wo ni o ń ṣe?

Ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀ sí so èso. Ní ọdún 1775, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Percivall Pott, kọ̀wé nípa àwọn ọmọkùnrin tí a ń rán gun inú ihò èéfín ilé láti máa gbá a. Ó rí i pé bí wọ́n bá dàgbà, jẹjẹrẹ kan a máa mú wọn lábẹ́, nítorí ẹ̀gbin èéfín tí ó ti wọ̀ wọ́n lára láti kékeré. Òun ni a kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi hàn pé iṣẹ́ ènìyàn lè fa jẹjẹrẹ. Síbẹ̀, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1788 láti dáàbò bo àwọn ọmọ wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára. Ó di ọdún 1875, ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko, kí òfin tó fìdí múlẹ̀ tí ó fi òpin sí i. Òtítọ́ ti jáde, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ń ka àwọn òkú kí ó sì gbé iye wọn síwájú àwọn aláṣẹ.

Ẹ̀yin ará mi, ojú dókítà kan kò tó ìlú. Àwọn tí ó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó lè rí. Ìwé àkọsílẹ̀ ni ó lè rí gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Láti oṣù Keje ọdún 1837 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìbí àti ikú àwọn ará ìlú sínú ìwé kan náà káàkiri ilẹ̀ wọn. Ẹni tí ó kú, ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àti ohun tí ó pa á, gbogbo rẹ̀ ni a ń kọ. Ọkùnrin kan wà ní ọ́fíìsì náà tí ń jẹ́ William Farr, ọmọ tálákà tí ó kàwé di dókítà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣírò ohun tí ó wà nínú àwọn ìwé náà. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní ọdún 1851, tí wọ́n sì kọ iṣẹ́ olúkúlùkù sílẹ̀, Farr gbé ìwé àwọn òkú sí ẹ̀gbẹ́ ìwé àwọn alààyè, ó sì ń fi ọ̀kan wo èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe kí ó lè yé wa. Ká ní télọ̀ 1,000 ni ó wà ní ìlú kan, àwọn tí ń yọ́ òjé sì jẹ́ 200. Ká ní télọ̀ 10 kú lọ́dún, ayọ́jé 6 sì kú. Ẹni tí kò bá ronú yóò ní àwọn télọ̀ ni ó ń kú jù. Ṣùgbọ́n télọ̀ 10 nínú 1,000 jẹ́ ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún. Ayọ́jé 6 nínú 200 jẹ́ ẹni mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ayọ́jé ń kú ní ìlọ́po mẹ́ta. Farr kò sì ní fi arúgbó wé ọ̀dọ́; ẹni ogójì ọdún ni yóò fi wé ẹni ogójì ọdún. Ìṣirò náà kò ju èyí lọ. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é, bí a bá ti kọ iṣẹ́ òkú àti iṣẹ́ alààyè sílẹ̀ dáadáa. Bí a kò bá kọ ọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè ṣe é.

Nígbà tí àwọn tí ó tẹ̀lé Farr ṣe irú ìṣirò yìí ní àwọn ọdún 1880, wọ́n rí i pé àwọn àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wọn wà lára àwọn tí ikú kì í tètè mú. Àwọn tí ń mọ ìkòkò àti àwo ní fákítórì, tí eruku ń wọ̀ lẹ́dọ̀fóró, àwọn tí ń ṣe fáìlì irin lórí òjé, àti àwọn tí ń ta ọtí, ni ikú ń já gbà. Ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ ń kà mí, ẹ má ì tíì rẹ́rìn-ín. Mo gbà pé àdúrà ń gbà, ṣùgbọ́n eruku kò sí nínú iṣẹ́ tiwa.

Lẹ́yìn èyí, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dúró de ikú mọ́. Ní ọdún 1895, wọ́n ṣe òfin pé dókítà tí ó bá rí òṣìṣẹ́ fákítórì tí òjé tàbí irú májèlé mìíràn bẹ́ẹ̀ mú ní láti kọ̀wé sọ fún ìjọba. Ní ọdún 1900, àwọn tí a kọ orúkọ wọn pé òjé mú lé ní 1,000. Nítorí pé iye náà wà lójú táyé, ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí àwọn ilé iṣẹ́ wá ohun tí yóò máa fa eruku jáde, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ kí ó tó jẹun, wọ́n sì ní kí dókítà máa yẹ̀ wọ́n wò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, iye náà ti dín sí nǹkan bí ìdajì. Ìwé ni ó ṣe ìyẹn, ẹ̀yin ará mi, ìwé àti yíǹkì.

Ohun kan tún wà tí ó mú kí ìwé ṣe pàtàkì ju ojú lọ. Àìsàn iṣẹ́ kì í sáábà dé lọ́jọ́ tí a ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ wo ohun tí a ń pè ní asbestos, èyí tí a ń fi ṣe síìlì àti òrùlé ní ilé púpọ̀ ní ilẹ̀ wa nígbà kan. Ẹni tí ó bá fa eruku rẹ̀ símú lè rìn kiri fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, àní ogójì ọdún pẹ̀lú ìlera, kí jẹjẹrẹ tó yọ ní awọ tí ó bo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ní ọdún 1960, Dókítà Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà kọ̀wé nípa ènìyàn 33 tí irú jẹjẹrẹ yìí mú. Wọ́n tọpasẹ̀ ìgbésí ayé olúkúlùkù wọn sẹ́yìn, wọ́n sì rí i pé àwọn ẹni wọ̀nyí, àfi ẹnìkan, ni ó ti bá asbestos pàdé rí. Àwọn kan kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ibi tí a ti ń wà á. Wọ́n kàn gbé nítòsí ibẹ̀ nígbà èwe wọn ni. Láti ọdún 1968 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ìwé àkànṣe tí a ń kọ orúkọ ẹni tí jẹjẹrẹ yìí bá pa sí. Ìwé náà ń ka òkú lọ títí, ilẹ̀ wọn sì fi òfin de asbestos pátápátá ní ọdún 1999.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti kíyè sí ẹ̀tàn kan. Ọkùnrin kan fọ́ òkúta fún ogún ọdún. Nígbà tí èémí kò ká a mọ́, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n fi í ṣe ọlọ́dẹ ní ilé olówó kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó kú. Wọ́n bi ọmọ rẹ̀ pé iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ó ní, "Ọlọ́dẹ ni." Ọmọ náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ìwé ti purọ́. Eruku òkúta ni ó pa bàbá rẹ̀, ikú náà sì lọ sí ọrùn iṣẹ́ ọlọ́dẹ. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe pẹ́ jù lọ ni kí a kọ́kọ́ sọ, kí a tó sọ èyí tí ó ṣe kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá sínú oko wa. Gbogbo ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó, ní Ìjẹ̀ṣà, ní Ìbàdàn, ẹ mọ Gammalin. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń fín in nítorí kòkòrò tí ń ba kòkó jẹ́. Lindane ni orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2015, àjọ tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé lindane ń fa jẹjẹrẹ kan tí ń mú kókó ọrùn àti abíyá. Ibo ni wọ́n ti rí ẹ̀rí náà? Lára àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà ni, nítorí pé a ti kọ sílẹ̀ oògùn tí olúkúlùkù wọn ń lò, a sì ti kọ àìsàn tí ó mú un. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé jẹjẹrẹ náà ń mú àwọn tí ó lo lindane ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn tí kò lò ó lọ. Àwa náà ní ìwé jẹjẹrẹ: láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ọsibítù UCH ní Ìbàdàn ti ń kọ orúkọ àwọn tí àrùn náà mú. Ṣùgbọ́n bí baba kan bá dé ibẹ̀ tí ó ní, "Àgbẹ̀ ni mí," tí kò sọ pé òun fín Gammalin fún ọdún méjìdínlógún, báwo ni ẹ̀rí ara rẹ̀ yóò ṣe gba àwọn ọmọ rẹ̀ là?

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan wí pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni mo ń sọ. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Zamfara. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí kú ní àwọn abúlé kan níbẹ̀, bíi Dareta àti Yargalma. Gìrì ń mú wọn, wọ́n sì rò pé ibà ni. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières, tí ń tọ́pinpin àrùn mìíràn ní àgbègbè náà, ni ó ṣàkíyèsí pé ikú ọmọdé ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò, òjé ni wọ́n rí. Wúrà ni àwọn òbí wọn ń wà, òjé sì wà nínú òkúta náà. Ẹ̀rọ ìlọta tí a fi ń lọ ọkà ni wọ́n fi ń lọ òkúta nínú agbo ilé. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀, ó bo oúnjẹ, ó sì wọ ẹnu àwọn ọmọ tí ń rákò.

Àwọn aṣèwádìí ní láti lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n máa bi àwọn ìyá léèrè iye ọmọ tí wọ́n ti sin. Ní abúlé méjì péré, nínú ọmọ 463 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 118 ni ó ti kú láàárín ọdún kan. Nínú ọmọ 205 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni òjé inú wọn ti kọjá ibi tí a ti ń fi oògùn lé e jáde. Àwọn ọmọ tí ó kú ní gbogbo àgbègbè náà lé ní 400. Ẹ ronú sí i. Bí ìwé kan bá wà ní abúlé náà, tí a kọ sínú rẹ̀ pé, "Ọmọ ọdún méjì, gìrì, iṣẹ́ bàbá: wíwa wúrà," tí a tún kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ṣí ìwé náà kò ní dúró de ẹlẹ́ẹ̀kejìdínlọ́gọ́fà kí ó tó pariwo.

Bí Zamfara bá sì jìnnà sí yín, Ògijó kò jìnnà. Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa ni, níbi tí a ti ń yọ́ bátìrì mọ́tò àlòkù kí a lè rí òjé inú rẹ̀ tà. Ní ọdún 2025, àwọn oníròyìn ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ènìyàn 70 tí ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ń gbé níbẹ̀. Méje nínú mẹ́wàá ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn tó ohun tí ń ba ara jẹ́. Àwọn oníròyìn ni ó wá kà wọ́n. Ṣé àwọn oníròyìn ni ó yẹ kí ó máa ṣe ìyẹn fún wa?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n bá àwa Mùsùlùmí sọ̀rọ̀ lójú korojú. Àwa kì í fi òkú ṣeré. Bí ènìyàn bá kú ní àárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀ a ti wẹ̀ ẹ́, a ti kírun sí i lára, a ti sin ín. Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ̀sìn wa ni. Ṣùgbọ́n nínú ìkánjú náà, ọ̀pọ̀ òkú ni ó ń wọlẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà rí wọn, láìjẹ́ pé ìjọba gbọ́ orúkọ wọn. Kí a tó gbé òkú, a máa ń dúró kí a sì bèèrè pé, "Ta ni olóògbé yìí jẹ ní gbèsè? Kí ó yọjú sí àwọn ẹbí." Ìbéèrè ńlá ni, nítorí pé ọrùn òkú so mọ́ gbèsè rẹ̀. Mo ní kí a fi ìkejì kún un: "Iṣẹ́ wo ni olóògbé ń ṣe, kí ni ó sì ń ṣe é kí ó tó kú?" Nítorí pé bí òkú ti lè jẹ gbèsè, bẹ́ẹ̀ ni a lè jẹ òkú ní gbèsè. Ẹni tí iṣẹ́ pa, ẹ̀rí ni ó fi sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó kù nídìí iṣẹ́ náà. Bí a bá sin ẹ̀rí náà mọ́ ọn, a ti jẹ ẹ́ ní gbèsè, a sì ti jẹ àwọn tí ó kù.

Gbèsè náà a sì máa jẹ́ owó gidi nígbà mìíràn. Opó kan wà tí mo mọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá ní ilé iṣẹ́ kan tí a ti ń lo òjé. Inú rírun, ọwọ́ tí kò lè di nǹkan mú mọ́, orí fífọ́, títí ó fi kú. Ilé ni ó kú sí, a sin ín ní ọjọ́ náà. Nígbà tí opó náà tọ ilé iṣẹ́ lọ lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀, wọ́n ní kí ó mú ìwé wá. Káàdì ọsibítù tí ó rí mú lọ kò ní ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: "Ibà. Ara ríro." Ní ojú ìlà iṣẹ́, a kọ "òṣìṣẹ́." Ọmọ mẹ́rin ni ó ń tọ́. Kò rí kọ́bọ̀ gbà.

Òfin wà o, ẹ̀yin ará mi. Òfin Fákítórì ti ọdún 1987 sọ pé kí a fi àìsàn iṣẹ́ tó ìjọba létí. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, èyí tí a ṣe ní ọdún 2010, sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá ṣàìsàn tàbí kú nítorí iṣẹ́ rẹ̀, kí òun tàbí àwọn tí ó fi sílẹ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14; kí agbanisíṣẹ́ sọ fún àjọ NSITF láàárín ọjọ́ 7; kí a sì bèèrè owó náà kí ọdún kan tó pé. Òfin ọdún 1992 sì sọ ọ́ di dandan pé kí a kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, wọ́n sì ní ọ́fíìsì káàkiri ìjọba ìbílẹ̀. Òfin dà bí àdá, ẹni tí ó bá mú un lọ́wọ́ ni ó ń gé igi fún.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, "Àkókò rẹ̀ ni ó tó, Ọlọ́run ni ó mú un lọ." Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kan náà ni ó pàṣẹ pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, bí ó tilẹ̀ mọ ẹni tí ó jẹ àti ẹni tí a jẹ. Àwọn mìíràn yóò ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èyí náà dára fún ọmọ tí ó wà láàyè. Ọmọ tí a kò kà ní Zamfara, ta ni ó ṣe ní àǹfààní? Àwọn mìíràn yóò ní bí òṣìṣẹ́ bá sọ̀rọ̀, a óò lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rù yẹn ní ìdí, n kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ràn ìwé: ẹnìkan tí ó sọ̀rọ̀, a lè lé e, ogójì orúkọ nínú ìwé, ta ni yóò lé wọn?

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín kí ẹ ṣe nìyí. Bí ẹ bá dé ọsibítù, ẹ má sọ pé òwò ni tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹ sọ iṣẹ́ náà gan-an, ẹ sọ ohun tí ọwọ́ yín ń kàn nídìí rẹ̀ àti ohun tí imú yín ń fà, ẹ sọ iye ọdún tí ẹ ti ń ṣe é, ẹ sì sọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe ṣáájú rẹ̀. Bí wọn kò bá bèèrè, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì fi sùúrù bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́. Bí ẹlẹgbẹ́ yín mìíràn nídìí iṣẹ́ kan náà bá ń ṣe irú àìsàn kan náà, ẹ sọ èyí náà fún dókítà.

Bí ikú bá dé, kí ẹnìkan nínú ẹbí lọ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba lẹ́yìn ìsìnkú, kí ó sì mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bọ̀ wálé. Ẹ̀yin Lèmọ́ọ̀mù àti ẹ̀yin akọ̀wé mọ́ṣáláṣí, ìwé ìsìnkú wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú yín, èyí tí ẹ ń kọ orúkọ òkú àti orúkọ agbo ilé rẹ̀ sí. Ẹ fa ìlà méjì kún un: iṣẹ́ tí ó ṣe pẹ́ jù, àti ohun tí ó ń ṣe é. Rúlà àti bírò nìkan ni ó gbà. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ jórinjórin, ẹgbẹ́ akunlé, ẹgbẹ́ lagilagi, ẹgbẹ́ aláró, ẹ̀yin ń gba owó oṣù, ẹ̀yin sì ń sin ara yín. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ óò máa kọ àìsàn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí. Ní ìparí ọdún, ẹ kà á fún ara yín ní ìpàdé, kí ẹ sì mú un lọ bá dókítà ìjọba ìbílẹ̀ yín. Bí ọ̀kan kú, a ní àyànmọ́ ni. Bí mẹ́fà bá kú irú ikú kan náà nídìí iṣẹ́ kan náà, ó yẹ kí a dìde kí a bèèrè ọ̀rọ̀.

Àwa Yorùbá ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n oògùn tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ a máa pa ẹni tí ó lò ó. Kí Ọlọ́run fi èrè sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó má jẹ́ kí iṣẹ́ wa jẹ wá run. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó dé, ẹ bi bàbá yín àti ìyá yín, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, nípa gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe láti ìgbà èwe wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ọwọ́ gbogbo ilé lè tó.